Bí Mo Ṣe Di Olóróró Irun ní Uwani

Omi ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Enugu. Ní Ṣakí tí wọ́n bí mi sí, kànga wà lẹ́yìnkùlé wa. Bí mo bá fẹ́ fọ irun fún ènìyàn, mo kàn máa ju ìfami sínú rẹ̀ ni. Ní Emene tí èmi àti ọkọ mi ń gbé, ọkọ̀ ńlá ló ń gbé omi wá, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé epo bẹntiróòlù. Bí fèrè ọkọ̀ náà bá ti dún ní títì, gbogbo obìnrin inú ọgbà á sáré jáde tàwọn ti kẹ́ẹ̀gì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí wọn, mo dúró, mo ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo ṣáájú wọn débẹ̀.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ lọ. Iléeṣẹ́ kan ní Emene gbà á sí iṣẹ́ iná mànàmáná, nígbà tó sì rí yàrá, ó ní kí n máa gbé ọmọ wa bọ̀. Ràfíátù kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà. N kò ní sọ ti ìrìn-àjò, nítorí gbogbo ẹni tó ti wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn rí ló mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń roni. Ohun tí ẹnì kankan kò sọ fún mi ni bí ọ̀sán ṣe máa ń gùn tó fún ẹni tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ògiri rẹ̀. Àwọn ará ilé á máa rẹ́rìn-ín, èmi á máa rò pé èmi ni wọ́n ń rín. Ìyá kan máa ń ta ọkpa lẹ́nu ọ̀nà wa, ohun tí wọ́n ń sè gbóná bí ọ̀ọ̀lẹ̀ nínú ewé. Àràárọ̀ ló ń kí mi, àràárọ̀ ni mo ń mi orí sí i, tí mo ń na ìka sókè láti fi iye tí mo fẹ́ hàn án. Oṣù kan gbáko ló fi rò pé odi ni mí. Ọjọ́ tí mo ya ẹnu sọ pé "Good morning, Ma," ńṣe ló pariwo, tó ń pe àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n wá gbọ́.

Iṣẹ́ irun ni mo kọ́ kí n tó lọ́kọ. Ìyá mi máa ń ṣe òrí, èyí tí wọ́n ń rí nínú èso igi ẹmi, nítorí náà inú òórùn òrí ni mo ti lajú. Mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó sínú yàrá yẹn fún oṣù kejì, ọ̀rọ̀ mi á di àìsàn. Mo bá fi ọmọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tọ́jú ọmọ ní àdúgbò wa, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Uwani níbi tí wọ́n ní àwọn onídìrí pọ̀ sí, mo sì ń wọ ṣọ́ọ̀bù kan tẹ̀lé òmíràn.

Ìkẹrin nínú wọn ni ti Anti Nkechi. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ le, wíìgì orí rẹ̀ pupa fòò. Ó wo híjáàbù mi láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"You sabi plait?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n, mo sì mọ ìtọ́jú irun pẹ̀lú.

Ó rẹ́rìn-ín. "You wey cover your own, how I go know say hair dey there?"

Àwọn oníbàárà mẹ́ta tó wà níjòókòó bá a rẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ọkùnrin kankan. Mo fa aṣọ ìkélé ẹnu ọ̀nà, mo ṣí híjáàbù mi, mo sì tú dídì mẹ́rin tí mo fi di irun mi. Irun mi bọ́ sí èjìká. Ó dúdú, ó sì ń dán bí ọṣẹ dúdú tí omi kàn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá àgbà kan tó jókòó sí ìkángun nawọ́, ó fi ìka méjì pa á wò, ó béèrè ohun tí mo fi ń pa á. Mo ní òrí ni. Kò yé e. Mo fi ọwọ́ júwe rẹ̀, ó bá pariwo, "Okwuma!"

Bí mo ṣe gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe òrí ní Enugu nìyẹn. Anti Nkechi kò yìn mí. Ó kàn ju aṣọ ìléwọ́ kan sí mi, ó ní, "Come tomorrow. Come early."

*

Ní ṣọ́ọ̀bù náà, "Ofe mmanu" ni wọ́n ń pè mí nígbà tí n kò bá sí nítòsí, àti nígbà mìíràn tí mo bá wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ elépo ni ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń yẹ̀yẹ́ gbogbo Yorùbá nítorí epo tó máa ń léfòó lójú ọbẹ̀ wa. Mo bi ọkọ mi bóyá èébú ni. Ó ní ó kù sọ́wọ́ ẹni tó bá sọ ọ́. Mo pinnu pé n kò ní bínú. Mo ní epo lóòótọ́, inú agbọ̀n mi ló wà.

Ó tó oṣù méjì kí ohun tó fẹ́ lé mi kúrò níbẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Chidinma, tíṣà ni, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ló wá, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò ẹgbẹ́ nírọ̀lẹ́, ó sì ti wọ búláòsì funfun rẹ̀ wá láti ilé. Irun rẹ̀ rọ̀, ó tín-ín-rín bí òwú. Ó ní ó ti gbẹ jù, kò dán, kí n bá òun ṣe é.

Inú mi dùn. Mo rò pé ọjọ́ mi pé. Mo bu òrí ní ẹ̀kúnwọ́, mo fi kún orí rẹ̀ láti iwájú dé ìpàkọ́, mo sì mú un jókòó sábẹ́ dráyà. Ooru mú òrí, òrí yọ́. Ó gba ọrùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wọ kọ́là, ó wọ ẹ̀yìn búláòsì. Nígbà tí a máa gbé dráyà kúrò, irun ọmọ yìí ti lẹ̀ mọ́ agbárí bí ìyẹ́ adìẹ tí òjò pa. Ó wo dígí, ó bú sẹ́kún.

"Ofe mmanu!" Anti Nkechi ké mọ́ mi. "Na soup you wan cook for person head?"

Ó fi ṣáńpù fọ irun náà lẹ́ẹ̀mẹta fúnra rẹ̀, ó sì fi ìborùn tirẹ̀ bo ẹ̀yìn búláòsì ọmọ náà kó tó lè jáde. Ó wá kọjú sí mi, ó ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí n má ṣe jẹ́ kí òun rí ẹsẹ̀ mi mọ́. Mo bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fara ti ògiri, mo sì pe ìyá mi ní Ṣakí.

Mo rò pé wọn yóò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ohun tí Màámi bi mí ni pé, "Irun ọmọ náà ńkọ́? Ó le ni àbí ó rọ̀?"

"Ó rọ̀, Màámi."

"Tí o bá da omi sí i, ṣé ó ń mu ún, àbí omi ń dúró lórí rẹ̀?"

"N kò wò ó."

"O kò wò ó? Èmi tí mo ń ṣe òrí láti kékeré, mo mọ̀ pé òrí kì í ṣe ti gbogbo orí. Sàfúrátù àbúrò rẹ ńkọ́? Ìgbà wo lo rí mi kí n fi òrí pa irun tiẹ̀? Ṣé kì í ṣe òróró àgbọn ni mo ń rà fún un lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti etí òkun?"

Òótọ́ ni. Mo rántí ìgò kékeré náà lórí fèrèsé. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Mo dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo rò ó, ó sì yé mi. Àárò ilé ló ń ṣe mí. Láti ìgbà tí mo ti dé Enugu, òórùn òrí ni ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ dunjú, mo sì ti sọ ọ́ di ilé. Mo wá gbé ilé mi, mo dà á lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, láì bi í bóyá ó fẹ́.

*

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo lọ sí Kenyatta Market. Ìyá àgbà tó pariwo "Okwuma" lọ́jọ́sí ti sọ fún mi pé ìsọ̀ òun wà níbẹ̀. Mama Ebere ni wọ́n ń pè é. Orí tábìlì rẹ̀ kún fún ìgò òróró, èyí tó mọ́ bí omi, èyí tó pọ́n bí oyin, èyí tó dúdú bí ọ́ìlì ọkọ̀. Mo nawọ́ mú ìgò òróró àgbọn kan, mo ní òun ni mo fẹ́.

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. "You wan buy, you no smell?"

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè tí ṣọ́ọ̀bù wa kì í ṣí títí di ọ̀sán ni mo ń jókòó ti obìnrin yìí. Ó kọ́ mi pé òróró àgbọn gidi máa ń dì funfun bí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀, tó bá sì kọ̀ tí kò dì, kí n béèrè ohun tí wọ́n dà mọ́ ọn. Ó kọ́ mi pé kí n fi ẹ̀kán kan pa ẹ̀yìn ọwọ́, kí n rìn yí ọjà ká, kí n padà wá gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ pé òórùn lọ́fínńdà nìkan ló kù lára rẹ̀, ayédèrú ni. Ó fi òróró lárà hàn mí, èyí tó ki bí oyin, tó jẹ́ pé ẹ̀kán méjì péré ti tó fún ṣóńṣó irun tó ń já. Èmi náà kọ́ ọ ní ohun tí mo mọ̀ nípa òrí, bí a ṣe ń mọ èyí tó ti pẹ́ jù, àti pé bí òrí bá dára, àtẹ́lẹwọ́ nìkan ti tó láti yọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kan, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa lórí àdín, òróró tó ń wá láti inú ekùrọ́. Ó ń ta oríṣi méjì, dúdú àti funfun. Mo ní ní ilé wa, a kì í fi dúdú kan irun. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìyá mi ni. Ó ní kí n pe ìyá mi.

Mo pè wọ́n, mo sì gbé fóònù sáàárín ìgò. Màámi ń sọ Yorùbá láti Ṣakí, Mama Ebere ń da Pidgin pọ̀ mọ́ Igbo, èmi ni mo ń túmọ̀ fún àwọn méjèèjì.

"Sọ fún un," ni Màámi wí, "pé bí ekùrọ́ bá jóná jù, òórùn rẹ̀ nìkan ló máa kù. Ire inú rẹ̀ ti bá èéfín lọ."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Mama Ebere lu tábìlì, bí ẹni pé kò bá mi jiyàn rí. "Tell your mama say na wetin I dey talk! Black one na for body. White one na for hair."

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Màámi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Wọ́n béèrè iye ọmọ tí Mama Ebere bí, ó dáhùn. Ó béèrè bóyá òjò ti rọ̀ ní Ṣakí, wọ́n dáhùn. Nígbà tó yá, wọn kò tilẹ̀ dúró de ìtumọ̀ mi mọ́. Ohun tí Màámi sọ gbẹ̀yìn ni pé, "Ẹ bá mi mójú tó ọmọ mi o." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Tell am say I don hear," ni Mama Ebere wí.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ní kí Anti Nkechi bá mi bẹ Chidinma kó padà wá. Ó wá, ṣùgbọ́n aṣọ dúdú ló wọ̀, ó sì ń wò mí bí ẹni wo ajá tó ti bù ú jẹ rí. Mo wọ́n omi sí irun rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Omi náà dúró sórí rẹ̀ ní ẹ̀kán ẹ̀kán, bó ṣe ń dúró lórí ewé kókò. Ìdáhùn tí ìyá mi ń béèrè nìyẹn. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́ kó lè mu, mo kán ẹ̀kán òróró àgbọn mẹ́rin péré sí àtẹ́lẹwọ́, mo pa á, mo sì fi ìka mi gba inú irun náà láti àárín dé ṣóńṣó, láì kan agbárí. N kò gbé e sábẹ́ dráyà. Nígbà tó gbẹ, Chidinma mi orí lẹ́ẹ̀kan, irun náà sì bá a mì. Ó tún mì í. Ó jókòó síwájú dígí yẹn, ó ń mi orí bí ọmọdé, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì ń wò ó.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń béèrè pé, "Mama Rafia dey?"

*

Bí orúkọ mi ṣe ń gbilẹ̀ ní Uwani, bẹ́ẹ̀ ni ohun kan ń sọnù nílé. Ràfíátù ti ń gbọ́ Igbo, ó ń sọ Pidgin bí ẹni tí wọ́n bí sí Emene, gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń kọ́ ọ níléèwé. Màámi pè lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n gbé fóònù fún ọmọ. "Ràfíátù, ṣé àlàáfíà ni?" Ọmọ ní, "Grandma, I dey fine." Wọ́n bi í ní ohun tó jẹ. Ó wò mí, ìbéèrè náà kò yé e. Nígbà tí mo gba fóònù padà, Màámi ní, "Ọmọ ta lo gbé fún mi yìí?" Wọ́n fi ẹ̀rín gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín ìyá mi.

Ní mọ́ṣáláṣí wa lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ti rí àwọn àgbàlagbà tí bàbá wọn wá láti Ìlọrin tàbí Ọ̀yọ́ láyé ìgbà kan, tí wọ́n bí wọn sí Enugu. Yorùbá wọn ń fì bí ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n mọ "ẹ kú àárọ̀," wọ́n mọ orúkọ oúnjẹ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jinlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á bọ́ sínú Igbo láti mí. N kò bú wọn. Ilé wọn nìyí, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọmọ mi lè bá ìyá mi jà, kó lè bá wọn ṣàwàdà, kó sì lè bá wọn sọ òtítọ́, láì sí ògbufọ̀.

Mo wá fi orí rẹ̀ ṣe iléèwé. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, á jókòó sáàárín orúnkún mi. Òfin wa ni pé bí òòyà bá ti kan irun, Yorùbá nìkan ni. Mo máa ń bi í pé, kí ni mo ń fọwọ́ kàn yìí? Àwùjẹ̀. Èyí ńkọ́? Ìpàkọ́. Irú irun wo la fẹ́ dì? Ṣùkú. Rárá, kòlẹ́sẹ̀. Òróró wo ni kí a fi sí i lónìí tí ọyẹ́ ń fẹ́? Irun tirẹ̀ ki, ó ń mu omi bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, òrí gan-an ló bá a mu. Bó bá fẹ́ sọ pé mo ń fà á jù, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ ní Pidgin. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pariwo, "Màámi, ẹ rọra, ẹ fẹ́ bó mi lórí ni?" mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

*

Nígbà tí mo ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, Anti Nkechi ní kí n tètè dé ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Nígbà tí mo wọlé, ó ní kí n ti ìlẹ̀kùn. Ó jókòó síwájú dígí, ó sì ṣí wíìgì rẹ̀. N kò rí orí rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Láti etí kan dé èkejì, irun iwájú ti lọ. Rílásà tó ń fi na irun láti ìgbà tó ti wà níléèwé girama, àti dídì tó ń fún jù, ló ṣe iṣẹ́ náà. Ó ní, "Do am for me. Like you do for those people."

Mo fi ìka tọ́ ọ. Lẹ́bàá etí méjèèjì, ara ibẹ̀ ń dán bí ara igbá. Lókè díẹ̀, mo rí irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó ṣì ń gbìyànjú. Ó rọrùn láti sọ ohun tó fẹ́ gbọ́. Ó jẹ́ ọ̀gá mi.

"Anti," mo fi Pidgin sọ fún un, "èyí tó ń dán yìí, n kò mọ òróró tó lè hù ú. Ẹ lọ fi han dókítà. Èyí tó wà lókè yìí lè padà, tí ẹ bá pa rílásà tì, tí ẹ sì jẹ́ kó sinmi."

"You be oil woman, and you dey tell me say oil no fit grow hair?"

"Òróró kì í hu irun, Anti. Ó ń jẹ́ kí èyí tó ti hù má ṣẹ́ ni. Ó ń jẹ́ kó rọ̀, kó sì dán. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn."

Ó dé wíìgì rẹ̀ padà. Ó dìde, ó lọ ṣí ìlẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo dé, mo bá bọ́ọ̀dù tuntun lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà ní gẹ̀ẹ́sì pé Òróró Mama Rafia yóò hu irun iwájú padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọlé, mo ní kó jọ̀ọ́, kó yọ orúkọ mi kúrò lára rẹ̀.

Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń ta irú rẹ̀. Ó ní ṣé èmi nìkan ni mo ní ẹ̀rí ọkàn ní gbogbo Enugu?

"Àwọn tó bá wá á gbà mí gbọ́," mo ní. "Wọ́n á ká ọjọ́. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, tí wọ́n bá wo dígí ńkọ́?"

"Then carry your bottles dey go."

Mo kó wọn. Ìgò mọ́kànlá àti ìkòkò òrí kan. Wọ́n ń kan ara wọn nínú àpò bí mo ṣe ń rìn lọ sí ibi tí mo ti máa wọ ọkọ̀, n kò sì wo ẹ̀yìn. Ọkọ mi bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó dé. "Wọ́n lé ọ?" Mo sọ bó ṣe jẹ́. Ó ní, "Bẹ́ńṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣé bẹ́ńṣì kò tó gbé oníbàárà ni?" Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé nìyẹn. Ìyá ọlọ́kpa ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ará ọgbà. Chidinma wọ ọkọ̀ láti Uwani wá bá mi.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu géètì, Anti Nkechi sì sọ̀ kalẹ̀. Ìborùn ló wé, kò dé wíìgì. Ó kí àwọn tó wà níbẹ̀, ó jókòó, ó dúró títí mo fi parí ti ẹni tó wà níwájú mi. Nígbà tó kù wá nìkan, ó ṣí ìborùn. Ó ti gẹ gbogbo irun rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Doctor talk the same thing wey you talk," ni ó wí. Ó ń wo ilẹ̀. "For all these years, nobody talk am for my face."

Mo bu omi, mo rọra wọ́n ọn sí orí rẹ̀, mo sì wo bí irun kúkúrú náà ṣe ń gbà á. Ó béèrè òróró tí mo fẹ́ lò. Mo ní àgbọn ni, díẹ̀díẹ̀, nítorí irun tuntun ni, kò tíì lágbára láti ru òrí. Ó di ojú rẹ̀. Ìgbà tí mo ń pa ìpàkọ́ rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní Igbo, "Ndo." Ẹ pẹ̀lẹ́ ni, ó sì tún jẹ́ ẹ má bínú. Mo ti pẹ́ ní Enugu tó láti mọ̀ pé òun kì í sọ ọ́ lásán.

"Bọ́ọ̀dù yẹn ńkọ́?" mo bi í.

"I don use am make firewood."

Mo padà sí Uwani ní ọjọ́ kejì. Bọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀ báyìí, àwa méjèèjì la jọ sọ ohun tí wọ́n kọ sí i. Ó ní a ń fọ irun, a ń dì í, a sì ń yan òróró tó bá a mu. Kò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irun iwájú Anti Nkechi kò padà tán, ṣùgbọ́n èyí tó padà dúdú, ó rọ̀, ó sì ń dán, òun náà kò sì dé wíìgì mọ́.

*

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Màámi wá kí wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé wọn wá, ó ní òun á padà wá mú wọn ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, wọn kò gbádùn ohunkóhun. Omi kò tó, ọbẹ̀ kò ta, ariwo ọkọ̀ òfuurufú ń já wọn lẹ́rù. Wọ́n ń sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀bù kan wà ní ọjà Ṣakí tí kò sẹ́ni tó gbà á, kí n padà wá gbà á.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo mú wọn dání lọ sí ibi iṣẹ́. Anti Nkechi dìde. Ó ti ń kọ́ Yorùbá lẹ́nu mi fún ọdún mélòó kan, n kò sì mọ̀ pé ó ń fi í pamọ́ de ọjọ́ kan. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n fọ irun yín."

Màámi wò mí. Wọn kì í ṣí orí lójú àlejò. Ṣùgbọ́n wọ́n wo orí obìnrin náà tí kò fi ohunkóhun bò, wọ́n sì tú ìborùn wọn fúnra wọn. Irun wọn funfun báláú. Mo mú òòyà, Anti Nkechi gbà á lọ́wọ́ mi. "Leave am. Na my mama today."

Ràfíátù, tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Bí Anti Nkechi bá sọ̀rọ̀ tó bá ju Yorùbá rẹ̀ lọ, á túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ àgbà. Bí Màámi bá dáhùn, á yí i padà sí Igbo. Èmi kò ní iṣẹ́ kankan. Mo fara ti ògiri, mo ń wò wọ́n.

Màámi ní kí ọmọ náà gbé àwọn ìgò wá. Wọ́n gbóòórùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ẹ̀kán pa ẹ̀yìn ọwọ́. Ràfíátù na òrí sí wọn. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni mo ti ń fi pa á láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ẹ fún mi ní tiyín." Wọ́n tọ́ka sí àdín funfun tí mo rà lọ́wọ́ Mama Ebere.

Anti Nkechi pa á fún wọn pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tó dé àárín orí, Màámi wo dígí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n yí ojú sí ọ̀tún, wọ́n yí i sí òsì. Wọ́n pè mí.

"Pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Sọ fún un pé kó má wá mú mi ní Sátidé yẹn mọ́."

"Màámi, ìgbà wo wá ni kí n ní kó wá?"

"Ìwọ ṣá pè é." Wọ́n gbé orí padà sí ọwọ́ Anti Nkechi, wọ́n sì di ojú. "Ọmọ mi, má dúró. Òróró ò tíì kan ìpàkọ́."